Òdòdó Aṣálẹ̀ àti Ìràwọ̀ Òru Nínú Àwòrán Kan: Bí A Ṣe Ń Ya Á ní Anza-Borrego

Ní apá gúúsù ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, aṣálẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Anza-Borrego, tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà sọ di ọgbà ìtọ́jú tí ó fẹ̀ ju 600,000 éékà lọ. Nǹkan bíi wákàtí méjì ni ènìyàn yóò fi wakọ̀ débẹ̀ láti San Diego. Àwọn ayàwòrán ń lọ síbẹ̀ nítorí òdòdó tí ó máa ń bo yanrìn lẹ́yìn òjò ìgbà òtútù, wọ́n sì tún ń lọ nítorí òkùnkùn òru rẹ̀. Borrego Springs, ìlú kékeré tí ọgbà náà yí ká, kò ní iná adarí ọkọ̀ kankan lójú pópó, àwọn ará ìlú sì ti dín iná ìta wọn kù débi pé láti ọdún 2009 ni wọ́n ti kà wọ́n mọ́ àwọn ìlú tí ń dáàbò bo òkùnkùn ojú ọ̀run lágbàáyé, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní California. Ọ̀pọ̀ àlejò a máa ya òdòdó lọ́sàn-án, wọn a ya ìràwọ̀ lóru, wọn a sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n òdòdó kan wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ni ó ń tanná, òun sì ni ó mú kí ó ṣeé ṣe láti fi òdòdó àti ìràwọ̀ sínú àwòrán kan náà.

Orúkọ rẹ̀ ni dune evening primrose. Funfun ni, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, orí yanrìn ni ó sì ń hù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń pè ní sand verbena, èyí tí ń rá mọ́lẹ̀ tí ó sì ń tàn kálẹ̀ bí ẹní. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ẹ̀ka ìtànná rẹ̀ yóò máa tú, àwọn àfòpiná ńláńlá yóò sì máa fò wá mu omi adùn inú rẹ̀ ní òru. Kì í pa ara dé títí oòrùn òwúrọ̀ yóò fi mú, nígbà náà ni yóò rọ, tí àwọ̀ rẹ̀ yóò sì máa pọ́n díẹ̀díẹ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé ní gbogbo wákàtí tí ìràwọ̀ fi wà lójú ọ̀run, ẹ óò bá a ní títanná.

Ẹ má ṣe ra tíkẹ́ẹ̀tì kankan kí ẹ tó mọ bí òjò ti rọ̀ sí. Irúgbìn òdòdó aṣálẹ̀ lè wà nínú yanrìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ní nǹkan kan lára tí kì í jẹ́ kí wọ́n hù àyàfi bí òjò tí ó tó bá fọ̀ ọ́ kúrò; ọ̀wààrà òjò kékeré kan kò lè tàn wọ́n jẹ. Òjò tí ó tó nǹkan bí ínǹṣì kan ní ìparí ọdún, tí òmíràn sì ń tẹ̀ lé e ní díẹ̀díẹ̀ títí di oṣù Kejì, láìsí ooru àti ẹ̀fúùfù gbígbẹ, ni ó ń mú ọdún òdòdó wá. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní 2017 àti 2019, tí ọkọ̀ fi dí gbogbo ọ̀nà tí ó wọ ìlú kékeré náà. Àwọn àgbà wa ní òjò kò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ní aṣálẹ̀ yìí, ibi tí eji ń rí kò pọ̀. Àfonífojì kan lè kún fún òdòdó nígbà tí èkejì rẹ̀ gbẹ táútáú. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ tẹ́tí sí ìròyìn òdòdó tí Theodore Payne Foundation, àjọ kan tí ń ṣètọ́jú ewéko ìbílẹ̀ California, máa ń gbé jáde láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà náà fúnra wọn. Ní ìsàlẹ̀ àfonífojì, ìparí oṣù Kejì sí ìparí oṣù Kẹta ni ó sábà máa ń dára jù. Ẹ tún béèrè nípa kòkòrò. Ní àwọn ọdún kan, àwọn ọmọ àfòpiná tí wọn kò tíì hu ìyẹ́ máa ń bo ilẹ̀, wọ́n sì máa ń jẹ pápá òdòdó tán láàárín ọjọ́ díẹ̀, títí kan òdòdó tí àwọn fúnra wọn yóò wá mu omi adùn rẹ̀ bí wọ́n bá dàgbà. Inú àwọn àṣá tí ń ṣí kọjá lásìkò náà nìkan ni ó máa ń dùn sí i.

Lẹ́yìn òjò, òṣùpá ni ẹ óò wò. Apá tí ó mọ́lẹ̀ jù lọ nínú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ Milky Way kì í yọ ní ìrọ̀lẹ́ lásìkò òdòdó. Ní àárín oṣù Kẹta, lẹ́yìn aago méjì òru ni ó ń yọ láti apá gúúsù-ìlà-oòrùn, aago mẹ́rin sí márùn-ún ìdájí ni ó sì dára jù láti yà á. Nítorí náà, òṣùpá tí ń yọ ní ìdájí, ìyẹn èyí tí ó ń gbó lọ sópin, ni ọ̀tá yín. Òṣùpá tuntun tí ń dàgbà kì í ṣe ọ̀tá rárá, nítorí pé kódà bí ó bá ti dé ìdajì, yóò ti wọ̀ kí ìdájí tó dé. Ọjọ́ méjì ṣáájú ìgbà tí òṣùpá bá wọ òkùnkùn títí di ìgbà tí ó bá pé ìdajì ni kí ẹ mú. Àwọn tí ó ń lọ ní alẹ́ òkùnkùn kan ṣoṣo nínú oṣù ń fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ rere ṣòfò.

Ẹ dé ibẹ̀ ní ọ̀sán, kí ẹ sì wá ibi tí ẹ óò dúró sí nígbà tí ojú ṣì ń ríran. Ẹ̀bá Henderson Canyon Road ní àríwá ìlú jẹ́ ibi tí a mọ̀ fún òdòdó orí yanrìn. Ẹ wá igi primrose kan tí ó dá dúró, tí ó ní ẹ̀ka ìtànná púpọ̀, tí àyè sì wà láti gbé kámẹ́rà sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó lè kọjú sí gúúsù-ìlà-oòrùn láìtẹ òdòdó mìíràn. Orí ipa ẹsẹ̀ tàbí yanrìn òfo ni kí ẹ máa tẹ̀. Ẹ fi fóònù sàmì sí ibẹ̀, nítorí pé ní òkùnkùn, gbogbo yanrìn jọra. Òfin ọgbà náà kò fàyè gba jíjá òdòdó, kò sì fàyè gba dúróònù.

Ní ti ẹrù, omi tí ó tó lítà mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ kò pọ̀ jù. Ẹ ra epo ní Borrego Springs, ẹ sì fi àwòrán ilẹ̀ sínú fóònù ṣáájú, nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí ní ọ̀pọ̀ ibi. Ọ̀sán oṣù Kẹta lè gbóná tó ìwọ̀n 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí òru sì bọ́ sí 10 tàbí kí ó rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ; ẹ mú aṣọ òtútù, kí ẹ sì tọ́jú bátìrì àfikún sínú àpò tí ó sún mọ́ ara, nítorí òtútù ń fa agbára rẹ̀ gbẹ. Ènìyàn lè pàgọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi nínú ọgbà náà, ṣùgbọ́n inú agbada irin nìkan ni wọ́n ti gbà kí a dáná, ẹ sì gbọ́dọ̀ kó eérú yín lọ. Ọ̀nà tí ó lọ sí Font's Point, ibi gíga kan tí àwọn àlejò ti ń wo aṣálẹ̀ náà, jẹ́ yanrìn rírọ̀. Ọkọ̀ tí kì í fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wakọ̀ lè rì síbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń móoru, ejò kan tí ó tan mọ́ paramọ́lẹ̀, tí ń fi ìrù dún bíi ṣaworo, máa ń jáde ní alẹ́, nítorí náà ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ kí ẹ tó kúnlẹ̀.

Ní aago mẹ́ta ààbọ̀ òru, ẹ gbé kámẹ́rà lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ sí ìwọ̀n bí orúnkún, kí lẹ́ńsì fífẹ̀, bíi ti milimita 20, wo òdòdó láti ìsàlẹ̀ tí ojú ọ̀run yóò fi gba ìdá méjì nínú mẹ́ta àwòrán. Tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ pupa ni kí ẹ lò, kí ojú yín má baà pàdánù òkùnkùn. Ẹ pa ẹ̀rọ tí ń dá fójúsì ṣe, ẹ yan ìràwọ̀ kan tí ó mọ́lẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ńlá lórí gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà, ẹ sì máa yí òrùka lẹ́ńsì títí yóò fi kéré tó orí abẹ́rẹ́. Ẹ fi ihò lẹ́ńsì sí f/2.8, kí ẹ sì fi ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí, sí 3200 tàbí 6400. Ní ti iye ìṣẹ́jú àáyá tí kámẹ́rà yóò fi ṣí sílẹ̀ gba ìmọ́lẹ̀, ẹ fi gígùn lẹ́ńsì pín 500. Lẹ́ńsì 20 yóò fún yín ní 25, ṣùgbọ́n lórí àwọn kámẹ́rà òde òní, èmi a máa dín in kù sí 15, nítorí pé ìràwọ̀ tí ó fà gùn kò ṣeé tún ṣe, àwòrán tí ó ṣókùnkùn díẹ̀ sì ṣeé tún ṣe. Ìmọ́lẹ̀ àwọn ìlú Mexicali àti El Centro lè hàn ní ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run ní apá ibẹ̀. Bí ẹ bá mú sùúrù kí Milky Way gòkè sí i, kò ní yọ yín lẹ́nu púpọ̀.

Òdòdó iwájú kò ní mọ́ rekete nínú àwòrán wọ̀nyí, ẹ má sì ṣe fi tọ́ọ̀ṣì lù ú kí ó lè mọ́lẹ̀: funfun rẹ̀ yóò bó, òjìji rẹ̀ yóò sì le koko. Ẹ fi kámẹ́rà sílẹ̀ níbi tí ó wà gan-an, láìfọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ bọ̀, ní nǹkan bí wákàtí kan sí ogójì ìṣẹ́jú kí oòrùn tó yọ, ìmọ́lẹ̀ búlúù jẹ́jẹ́ kan yóò bọ́ sórí yanrìn, ìgbà yìí ni afẹ́fẹ́ sì sábà máa ń dákẹ́ jù. Ẹ dín ISO kù sí 400, ẹ fún ihò lẹ́ńsì kéré sí f/8, kí ẹ sì ya òdòdó náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí fójúsì máa sún láti orí ewé tí ó súnmọ́ yín jù títí dé òkè ọ̀ọ́kán. Primrose yóò ṣì wà ní títanná. Èyí ni àǹfààní ìdájí lórí ìrọ̀lẹ́, nígbà tí òdòdó ti tanná ṣùgbọ́n tí apá tí ó mọ́lẹ̀ jù lọ nínú Milky Way kò tíì yọ.

Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ lẹ àwọn àwòrán òdòdó pọ̀ kí gbogbo rẹ̀ mọ́, lẹ́yìn náà ẹ gbé ojú ọ̀run aago mẹ́rin lé e lórí níbi ìlà òkè. Ẹ mú ìmọ́lẹ̀ apá ìsàlẹ̀ wálẹ̀ títí yóò fi rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ti ojú ọ̀run, kí ẹ sì mú àwọ̀ méjèèjì wá sí nǹkan bí 4000 lórí Kelvin, òṣùwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, kí òdòdó funfun náà má baà dà bí èyí tí a yà ní ọ̀sán gangan. Bí ẹ bá sì gbé e jáde fún aráyé, ẹ sọ pé àkókò méjì ni ẹ yà á.