Oṣù Mẹ́rin Tí Mo Fi Pín Ìwé Ìròyìn ní Ìkọ̀kọ̀

Ní ọdún 1997, nígbà tí mo ń dúró de èsì ìdánwò JAMB, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí ó ń ta ìwé ìròyìn ní Mọ́kọ́lá, ní Ìbàdàn, tí a ń pè ní Bàbá Mọ́kọ́lá, ní kí n wá máa bá òun pín àwọn tí kò ṣeé pàtẹ. Ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha ti ti Concord, Punch àti Guardian pa fún ọdún kan ó lé ṣáájú ìgbà náà, Kúnlé Àjíbádé tí í ṣe olóòtú TheNEWS sì wà lẹ́wọ̀n láti 1995. Síbẹ̀, Tell, TheNEWS àti Tempo, àwọn ìwé ìròyìn ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ tí ń ta ko ìjọba náà, kò yé jáde, nítorí pé ibi ìkọ̀kọ̀ ni àwọn akọ̀ròyìn wọn ti ń ṣiṣẹ́, wọn kì í sì í pẹ́ lójú kan.

Ìdájí ni mo máa ń lọ pàdé awakọ̀ kan ní Ìwó Road, tí yóò gbé ẹrù náà fún mi nínú àpò gàrí. Ìwé ìròyìn eré bọ́ọ̀lù nìkan ni a ń tò sórí tábìlì. Mo máa ń ká Tempo sínú ìwé ìròyìn mìíràn kí n tó gbé e lọ fún oníbàárà, a kì í sì í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀: "Wíìgì" ni lọ́yà kan ní Dùgbẹ̀, "Abẹ́rẹ́" ni àwọn nọ́ọ̀sì ní UCH, "Ṣọ́ọ̀kì" sì ni olùkọ́ kan ní Yunifásítì. Bí ẹni tí a kò mọ̀ bá béèrè, kò tíì dé ni èsì wa. Ọkùnrin kan béèrè Tempo lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan, mo ní bọ́ọ̀lù nìkan la ní; ó ra ọ̀kan, ó sì jókòó tì í títí di ọ̀sán. Títí di òní n kò mọ̀ bóyá ọlọ́pàá inú ni tàbí olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù.

Owó ni ó le jù. Bàbá Mọ́kọ́lá a máa ta Tribune láwìn fún òṣìṣẹ́ ìjọba títí di ìparí oṣù, ṣùgbọ́n kò jẹ́ ta àwọn mẹ́ta yìí láwìn fún ẹnikẹ́ni. Ó ní àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń bẹ̀rù láti polówó ọjà sínú wọn, nítorí náà, owó tí a bá fi ránṣẹ́ sí Èkó ni wọn yóò fi ra bébà ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Inú a máa bí i sí àwọn tí ń fi ẹ̀dà kan ṣoṣo yí gbogbo ọ́fíìsì ká tí wọ́n sì ń fi í yangàn. Mo rò nígbà náà pé ahun ni. Èmi náà ti yá ọ̀rẹ́ mẹ́ta ní ẹ̀dà kan rí, n kò sì sọ fún un.

Nígbà tí èsì mi jáde, mo ka owó tí ó kù lé e lọ́wọ́, mo sì fi ọmọ rẹ̀ mọ àwọn oníbàárà. Mo yà kí i lọ́dún tí ó tẹ̀lé e, ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé ikú Abacha ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹfà, 1998. Ó ti tẹ́ gbogbo wọn sórí tábìlì ní gbangba, èrò sì pé lé wọn lórí. Púpọ̀ nínú wọn ni kò rà á.