Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ọkọ́ Àtijọ́

Ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí irin ńlá tí à ń pè ní Ògún Ládìn wà ní ààfin Ọọ̀ni, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ kì í ṣe ohun àná, nítorí náà, ó dùn mí bí mo bá rí ọkọ́ bàbá-ńlá ẹni tí ó dógùn-ún sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kí ẹ tó tún un ṣe, ẹ yẹ irin rẹ̀ wò: bí àpá owú, ìyẹn òòlù alágbẹ̀dẹ, bá wà lára rẹ̀, tí etí rẹ̀ kò sì dọ́gba, ẹwìrì àti èédú ni wọ́n fi rọ ọ́. Àpá yìí gan-an ni ẹwà rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ kúrò.

Iyanrìn gbígbẹ àti kànrìnkàn ni kí ẹ fi ha ìpẹtà náà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ nù ún, kí ẹ sì fi àdín pa á. Omi kò gbọdọ̀ kan igi rẹ̀, nítorí pé yóò wú, bí ó bá sì gbẹ, yóò súnkì, irin yóò sì máa mì.

Èèkù ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ̀ka tí ó tẹ̀ fúnra rẹ̀ ni àgbẹ̀ máa ń wá nínú igbó, kí ó má baà sí oríkèé tí yóò yẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kọ ebè. Bí kòkòrò bá ń jẹ ẹ́, ẹ gbé e kọ́ sókè àrò, kí èéfín lé wọn.

Bí ẹ bá mọ orúkọ ẹni tí ó fi í roko, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ so ó mọ́ èèkù náà.