Bí mo ṣe fi ìrìn àjò Peter Arnett kọ́ àwọn ọmọ ní ìròyìn kíkọ

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó máa ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ìròyìn ló ní kí n bá òun mú kíláàsì Sátidé kan, ohun tó bá wù mí ni kí n kọ́ wọn. Mo mú Peter Arnett, oníròyìn tó kọ nípa ogun Vietnam. Riverton ní New Zealand ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1934, ó gba Éṣíà lọ, ó ṣiṣẹ́ káàkiri kí ilé iṣẹ́ ìròyìn AP ti Amẹ́ríkà tó gbé e lọ Saigon ní Gúúsù Vietnam lọ́dún 1962. Nígbà tó dàgbà tán òun fúnra ẹ̀ tún lọ ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Shantou ní China, ìdí nìyẹn tó fi wù mí. Ìròyìn ogun tó ń sọ lórí CNN láti Baghdad ní Iraq lọ́dún 1991 lọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́, mi ò tiẹ̀ yà síbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n nìyẹn, ìwé kíkọ la bá wá. Pulitzer, àmì ẹ̀yẹ ńlá fún àwọn oníròyìn Amẹ́ríkà, tó gbà ní 1966 náà, gbólóhùn kan ni mo fi kọjá lórí ẹ̀.

Odò Mekong ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1960 wọ́n gbàjọba ní Laos, wọ́n sì ti ibi tí wọ́n ti ń fi wáyà ránṣẹ́ pa, ni bàbá yìí bá wẹ odò yẹn já sí Thailand, ó fi eyín há ìròyìn tó kọ, pásípọ́ọ̀tù ẹ̀ àti owó dọ́là mọ́nu. Mo ní kí wọ́n gbé bírò, kí wọ́n kọ ìròyìn ìdìtẹ̀gbàjọba kan, àmọ́ kí wọ́n máa rántí pé ẹnu ni wọ́n máa fi gbé e la omi. Ẹ ò rí i, ọ̀kan nínú wọn ṣì kọ odindi ojú ewé kan nípa bí oòrùn ṣe ń ràn kó tó dọ́dọ̀ àwọn sójà! Mo ní kó gé e, ó gé e, ó tún kù, mo ní kó tún gé e. Nígbà tó yá ohun tó ṣẹlẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó wà lórí àga báyìí, ìyẹn nìkan ló kù.

Bến Tre ló tẹ̀ lé e, oṣù kejì 1968, ìlú kan ní Gúúsù Vietnam tí wọ́n ti ju bọ́ǹbù wó. Arnett kọ ọ́ pé mẹ́jọ̀ kan, ọ̀gá sójà Amẹ́ríkà, sọ pé ó di dandan káwọn pa ìlú náà run káwọn tó lè gbà á là. Kò dárúkọ mẹ́jọ̀ yẹn, àríyànjiyàn lórí ẹni tó jẹ́ ò sì tíì tán. Kíláàsì gbóná níbí o, àwọn kan ní tí o ò bá lè dárúkọ má kọ ọ́, àwọn kan ní ẹni yẹn máa pàdánù iṣẹ́ ẹ̀. Lójú tèmi, bo orúkọ tó bá pọn dandan, ṣùgbọ́n sọ ipò ẹni náà, kí òǹkàwé mọ ibi tó dúró sí tó fi ń sọ̀rọ̀.

Saigon ni mo fi parí ẹ̀, April 1975, nígbà tí Àríwá Vietnam gba ìlú náà. Àwọn èèyàn ń du hẹlikọ́pítà kí wọ́n lè sá lọ, Arnett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní AP, George Esper àti Matt Franjola, jókòó sí ọ́fíìsì, àwọn sójà Àríwá Vietnam wọlé bá wọn, àwọn oníròyìn yìí sì fún àwọn sójà náà ní Coke àti kéèkì tó ti pẹ́ nílẹ̀. Mo ní kí wọ́n wo kéèkì yẹn dáadáa, torí ọ̀pọ̀ wọn ni ì bá fò ó, wọ́n á máa wá ọ̀rọ̀ ńlá kọ. AP tún ti ní kí Arnett ba àwọn ìwé ọ́fíìsì jẹ́, kò dá wọn lóhùn, ilé ẹ̀ ní New York ló fi wọ́n ránṣẹ́ sí, inú àkójọ ìwé AP ni wọ́n wà báyìí. Ọmọ kan wá bi mí pé ṣé wọn ò lé e lẹ́nu iṣẹ́ ni, ló bá di ẹ̀rín.

Ẹ̀gbọ́n ti ní kí n tún padà wá. Malcolm Browne, tí òun náà ṣiṣẹ́ fún AP ní Saigon, ni mo máa mú lọ́tẹ̀ yìí, òun ló ya fọ́tò mọ́ǹkì ẹlẹ́sìn Búdà tó dáná sun ara ẹ̀ ní Saigon ní June 1963, òun ló sì kọ ìwé pélébé tí wọ́n ń fún oníròyìn tuntun tó bá dé ọ́fíìsì wọn.