Ilẹ̀kùn Tó Ń Wo Ojú Kó Tó Ṣí: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹlẹ́kítíróníìkì

Bọ́ọ̀dù kékeré tí wọ́n ń pè ní ESP32-CAM ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣe ilẹ̀kùn tó ń dá ojú mọ̀, torí pé kò wọ́n, kámẹ́rà sì ti wà lára rẹ̀. Kámẹ́rà á wo ojú ẹni tó dúró, bọ́ọ̀dù á fi í wé àwọn ojú tó ti mọ̀. Bí wọ́n bá bára mu, relay (swíìṣì tí bọ́ọ̀dù ń tàn) á fún kọ́kọ́rọ́ solenoid (kọ́kọ́rọ́ tí iná ń fà sẹ́yìn) ní fólítì 12, ilẹ̀kùn á ṣí. Àwọn ìbéèrè tó ń wá lemọ́lemọ́ ni mo dáhùn síbí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ rán kóòdù sínú bọ́ọ̀dù ni kọ̀ǹpútà ń kọ “Timed out waiting for packet header”. Mo ti pààrọ̀ okùn USB, kò yí padà.

Ìdáhùn: Bọ́ọ̀dù rẹ kò tíì ṣe tán láti gba kóòdù ni. Fi wáyà so ẹsẹ̀ GPIO0 mọ́ GND (ẹsẹ̀ nẹ́gátíìfù), tẹ bọ́tìnnì RST tó ń tún bọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀, kí o wá rán an. Wo TX (ojú tó ń ránṣẹ́) àti RX (ojú tó ń gbà) náà dáadáa: TX ti adápítọ̀ FTDI, èyí tó so USB kọ̀ǹpútà mọ́ bọ́ọ̀dù, ń lọ sí U0R lára bọ́ọ̀dù, RX rẹ̀ ń lọ sí U0T. Bí kóòdù bá ti wọlé tán, yọ wáyà GPIO0 yẹn kúrò, kí o tún RST tẹ̀. Bí wáyà náà bá wà níbẹ̀, kóòdù kò ní ṣiṣẹ́ láéláé.

Ìbéèrè: Lórí tábìlì, ó ń mọ ojú mi dáadáa. Ìgbà tí mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn, relay á dún “tá”, bọ́ọ̀dù á kú, á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń kọ ni “Brownout detector was triggered”. Ṣé kóòdù mi ni, ẹ̀gbọ́n?

Ìdáhùn: Kóòdù rẹ kò ṣe nǹkan kan. Iná ni kò tó. Bí wọ́n bá gbé irú iṣẹ́ yìí wá bá mi pé kò ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ iná ni mo máa ń kọ́kọ́ wò kí n tó wo ìlà kóòdù kankan.

Ojú USB 2.0 lára láptọ́ọ̀pù, milliampere 500 (ìdajì ampere) ni ìwọ̀n tí wọ́n ṣe é fún. Kọ́kọ́rọ́ solenoid nìkan lè fa tó ampere kan nígbà tó bá gbéra. Bí o bá ń fa gbogbo rẹ̀ láti ojú kan náà, fólítì á já wálẹ̀ lójijì, bọ́ọ̀dù á sì pa ara rẹ̀. Àwọn kan máa ń kọ ìlà kóòdù kan tó ń pa ìkìlọ̀ yẹn lẹ́nu mọ́. Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe é. Ìkìlọ̀ á dákẹ́, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù á máa ṣìwà hù, o ò sì ní mọ ìdí rẹ̀ mọ́.

Wá orísun iná fólítì 12 tó lè gbé ampere 2. So kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn tààrà nípasẹ̀ relay. Láti ara fólítì 12 yẹn náà, fi LM2596, ẹ̀rọ kékeré tó ń dín fólítì kù, sọ ọ́ di fólítì 5 fún bọ́ọ̀dù, kí o sì fi mítà wọ̀n ọ́n kí o tó so bọ́ọ̀dù mọ́ ọn, torí LM2596 tuntun lè wà lórí fólítì tó lè jó bọ́ọ̀dù rẹ. Fi capacitor 1000 µF (tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́) sáàárín 5V àti GND, kó súnmọ́ bọ́ọ̀dù gan-an. Gbogbo GND gbọ́dọ̀ pàdé. Wáyà tín-ín-rín tí wọ́n fi ń ṣeré lórí breadboard (pátákó ìdánwò) kò dára fún ojú ọ̀nà iná yìí. Lo èyí tó nípọn, kó má gùn.

Ó ku diode 1N4007, tó ń jẹ́ kí iná gba apá kan ṣoṣo. So ó mọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì kọ́kọ́rọ́ solenoid, kí apá tó ní ìlà fàdákà kọjú sí pósítíìfù. Nígbà tí relay bá já iná kúrò, wáyà tí wọ́n yí sínú solenoid á ta fólítì ńlá padà lẹ́ẹ̀kan náà. Diode yẹn ló ń gbà á. Bí kò bá sí, bọ́ọ̀dù lè tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn bá ń padé, o ò sì ní fura sí kọ́kọ́rọ́.

Ìbéèrè: Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ ńkọ́?

Ìdáhùn: Kọ́kọ́rọ́ solenoid onírin máa ń wà ní títì bí iná bá lọ, ti onímágínẹ́ẹ̀tì ló máa ń ṣí. Bátìrì fólítì 12, 7Ah, lè gbé e fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ ìlẹ̀kùn kan wà nínú tí kò gba inú bọ́ọ̀dù kọjá rárá. Bí yàrá bá ń jóná, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa dúró kí kámẹ́rà mọ ojú òun kó tó lè jáde.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ó ń mọ ojú ẹnìkejì mi tó pupa, tèmi ló ń kọ̀. Èmi dúdú dáadáa. Súpáfáísọ̀ wa ní àwọ̀ mi ló fà á. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àwọ̀ rẹ kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń kọ́ ẹ̀rọ ní ojú ló yẹ kí wọ́n fi ojú tiwa kọ́ ọ. Ní 2018, àwọn olùwádìí Joy Buolamwini àti Timnit Gebru yẹ ètò ilé-iṣẹ́ mẹ́ta wò, àwọn ètò tó ń wo ojú láti sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Fún ọkùnrin tí àwọ̀ wọn mọ́, àṣìṣe kò ju 0.8 nínú 100 lọ. Fún obìnrin tó dúdú, ó dé 34.7. Ní 2019, NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà, yẹ ètò 189 wò, wọ́n sì rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi ojú ẹnìkan pe ẹlòmíràn láàárín àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ju láàárín àwọn ará Ìlà-Oòrùn Yúróòpù lọ. Fún ilẹ̀kùn, èyí ló burú jù. Bó bá kọ ojú rẹ, o lè tún un ṣe. Bó bá fi ojú àjèjì pe tìrẹ, ó ti ṣílẹ̀kùn fún un nìyẹn.

Ìmọ́lẹ̀ ló wà níkàáwọ́ rẹ. Kámẹ́rà OV2640 tó wà lára bọ́ọ̀dù yìí ń ṣírò ìmọ́lẹ̀ gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ pọ̀. Bí oòrùn ọ̀sán bá wà lẹ́yìn rẹ, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú rẹ á wá di òjìji. Yí kámẹ́rà kúrò lọ́dọ̀ oòrùn. Gbé iná LED funfun sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, ní gíga ojú ènìyàn, kí o fi ọ̀rá funfun bò ó kó má baà dán níwájú orí. Má gbára lé iná kékeré tó wà lára bọ́ọ̀dù. Òógùn díẹ̀ báyìí, gbogbo iwájú orí á ti di funfun nínú fọ́tò.

Ẹnu ilẹ̀kùn gan-an ni kí o ti gba ojú sílẹ̀, kì í ṣe kíláàsì: láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, pẹ̀lú fìlà tàbí gèlè, pẹ̀lú gíláàsì àti láìsí i. Lẹ́yìn náà, pe àwọn tó dúdú, àwọn tó pupa, ọkùnrin, obìnrin, kí o dán wọn wò, kí o sì kọ iye ìgbà tó kọ ẹni tó yẹ àti iye ìgbà tó gba ẹni tí kò yẹ sínú ìwé rẹ. Súpáfáísọ̀ rẹ á rí i kedere níbẹ̀.

Ìbéèrè: Raspberry Pi (kọ̀ǹpútà kékeré) ni mo lò, pẹ̀lú LBPH, ọ̀nà ìdámọ̀ ojú inú OpenCV. Mo kọ ọ́ pé bí nọ́ńbà confidence tó ń fún mi bá ju 80 lọ kó ṣí. Àlejò ló ń ṣí fún, ó ń ti èmi mọ́ta!

Ìdáhùn: Nọ́ńbà yẹn, ó ń sọ bí ojú méjèèjì ṣe jìnnà síra tó ni. Òdo ni ó bára mu jù. Yí àmì rẹ̀ padà, kó ṣí bí nọ́ńbà bá kéré sí òṣùwọ̀n tí o rí nínú àyẹ̀wò tìrẹ. Bó bá jẹ́ face_recognition (àkójọ kóòdù Python) lo lò, òṣùwọ̀n 0.6 ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Fún ilẹ̀kùn, dín in sí 0.5, kí o sì tún dán an wò.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ mi gbé fọ́tò mi sókè lórí fóònù, ilẹ̀kùn ṣí. Ìgbèjà wa, ọjọ́ tí a máa gbèjà iṣẹ́ wa níwájú àwọn olùyẹ̀wò, kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ìdáhùn: Kámẹ́rà kan ṣoṣo kò mọ̀ bóyá ènìyàn ni tàbí àwòrán. O lè ní kí ẹni náà ṣẹ́jú kó tó ṣí, ṣùgbọ́n fídíò á tan ìyẹn náà jẹ. Fi kí-páàdì kún un, kí ẹni náà tẹ PIN lẹ́yìn tí ojú bá bára mu. Sọ àléébù náà fúnra rẹ níwájú àwọn olùyẹ̀wò kí wọ́n tó béèrè.

Lábẹ́ òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023, ojú tí a fi ń dá ènìyàn mọ̀ wà lára dátà tó gba ìṣọ́ra gidi. Gba ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni tí o bá gba ojú rẹ̀, kí o sì pa gbogbo ojú yẹn rẹ́ kúrò lórí bọ́ọ̀dù àti láptọ́ọ̀pù bí ìgbèjà bá ti parí.