Bí Mo Ṣe Yẹ Kóòdù Driver Watchdog DS1374 Wò

Àbúrò kan níbi iṣẹ́ wa ló fi kóòdù náà ránṣẹ́ sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ driver yìí wò kí n tó dà á pọ̀ mọ́ tiwa tó kù." Driver ni ètò tó ń jẹ́ kí Linux lè bá ẹ̀rọ kan sọ̀rọ̀; DS1374 tí Maxim ṣe ni chip tí èyí wà fún. Aago ni lóòótọ́, àmọ́ watchdog inú rẹ̀ la fẹ́ lò. A ti ní driver tiwa láti ìgbà pípẹ́. Àbúrò yìí ló tún un kọ kí ó lè bá watchdog_core, apá inú Linux tó ń bójú tó gbogbo watchdog, ṣiṣẹ́.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ watchdog, kí ó rántí ọlọ́dẹ àdúgbò tó ń lu irin ní wákàtí-wákàtí lóru. Bí wákàtí bá kọjá tí a kò gbọ́ irin, a ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣe ọlọ́dẹ. Ètò orí kọ̀ǹpútà ló ń lu irin fún chip. Bí ó bá dákẹ́ kọjá àkókò tí a dá, chip á tún kọ̀ǹpútà tàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1997, lórí Mars, watchdog ló ń tún kọ̀ǹpútà Pathfinder tàn nígbà tí iṣẹ́ pàtàkì kan nínú ètò rẹ̀ ń dúró de iṣẹ́ kékeré tí kò tètè kúrò lọ́nà. Ta ni ì bá lọ tẹ bọ́tìnì níbẹ̀?

Ìdí nìyí tí n kì í fi í ka kóòdù watchdog bí mo ṣe ń ka ti kíbọ́ọ̀dù. Kíbọ́ọ̀dù tí kò ṣiṣẹ́, ẹni tó ń lò ó á pariwo lójú ẹsẹ̀. Watchdog tí kò ṣiṣẹ́ kì í sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀ la ó tó mọ̀.

Ìwé àlàyé chip ni mo kọ́kọ́ ṣí, kí n tó ka kóòdù. Register mẹ́ta, ìyẹn àwọn àyè kékeré inú chip tí a ń fi nọ́ńbà sí, ló gba iye tí watchdog ń kà sílẹ̀. Bí a bá ti ka èyíkéyìí nínú wọn, tàbí tí a kọ nǹkan sí i, òǹkà náà á padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Kíkà nìkan ti tó irin lílù. Àbúrò lò ó dáadáa nínú ping, apá driver tó ń lu irin. Ṣùgbọ́n ó tún kọ get_timeleft, tó ń ka àwọn register kan náà láti sọ iye ìṣẹ́jú àáyá tó kù. Ẹ wò ó: ká ní ètò gidi ti kú, tí ètò kékeré mìíràn sì ń ka timeleft nínú sysfs, àwọn fáìlì tí Linux fi ń sọ ipò ẹ̀rọ, lóòrèkóòrè kó lè mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe sí. Ìbéèrè rẹ̀ yẹn gan-an ni kò ní jẹ́ kí chip tún ẹ̀rọ tàn láé. Mo ní kí ó yọ get_timeleft kúrò pátápátá. Ó ní ṣé a kò lè fi ìkìlọ̀ síbẹ̀ ni? Mo ní rárá o, ẹni tó ń lo ẹ̀rọ kò ní rí ìkìlọ̀ inú kóòdù. Bí get_timeleft kò bá sí níbẹ̀, kernel, ọkàn Linux, á kàn sọ pé a kò ní irú rẹ̀, ìyẹn sì sàn ju kí ó máa jí òkú ètò.

Ìṣirò ni mo yíjú sí lẹ́yìn ìyẹn. Bit 24 ni gígùn òǹkà náà, ó ń dín ní ìgbà 4096 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà kò lè gbà ju 4095 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Driver kò sọ max_timeout, àkókò tó gùn jù tí a lè béèrè, bí ó bá sì jẹ́ òdo báyìí, kernel kì í yẹ ìwọ̀n tó ga jù wò. Bí ẹnìkan bá béèrè fún 4096, ìṣirò á di 16,777,216, bit 24 kò gbà á, òdo ló máa wọ inú chip.

Èyí tó tún gbà mí lákòókò ni ìgbà tí ẹ̀rọ ń tàn. Lórí pátákó wa, U-Boot, ètò tó ń gbé Linux dìde, ti máa ń tan watchdog kí Linux tó dé. Driver kò béèrè bóyá ó ti ń ṣiṣẹ́. Bí yíyẹ fáìlì wò bá pẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ ń tàn, kò sí ẹni tí yóò lu irin, ẹ̀rọ á tún tàn, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ fáìlì wò, kò sì ní dé ibi tó ń lọ. Mo ní kí ó ka register ìdarí nínú probe, apá tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí driver kọ́kọ́ bá chip pàdé. Bí WACE (bit tó ń tan òǹkà) àti WD/ALM (èyí tó sọ ọ́ di watchdog) bá wà ní títàn, kí ó fi WDOG_HW_RUNNING hàn, àmì pé watchdog ti ń ṣiṣẹ́, kernel fúnra rẹ̀ á máa lu irin títí ètò á fi gba iṣẹ́.

Nínú start, apá tó ń tan watchdog, driver kò wo èsì I2C, wáyà tó so chip mọ́ kọ̀ǹpútà, rárá. Bí wáyà bá kọ̀, ètò á gbà pé a ń ṣọ́ òun, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Nowayout, tí kì í jẹ́ kí a pa watchdog mọ́ bí ó bá ti tàn, àti lẹ́tà V tí ètò ń kọ kí ó tó lè pa á, wà létòlétò.

Nígbà tí ó tún un ṣe, a gbé e sórí pátákó. A kọ́kọ́ ṣí /dev/watchdog, fáìlì tí ètò fi ń bá watchdog sọ̀rọ̀, a sì tì í láìfi V sí i: "watchdog did not stop!" jáde, pátákó sì tún tàn nígbà tí àkókò pé. Lẹ́yìn náà ni a fi sysrq, àṣẹ tààrà sí kernel, pa kernel fúnra rẹ̀. Ó tún tàn. Mo kọ Reviewed-by, àmì pé mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, sábẹ́ rẹ̀. Ó kù kí a jókòó ti àwọn tó ń bójú tó U-Boot, kí a jọ dá iye àkókò tí wọ́n máa fi sí i níbẹ̀.