Ẹ Gbé Ìgbálẹ̀ Sílẹ̀ Ná: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Agboolé lórí Àrùn Hantavirus

Bí ẹnì kan bá ṣí abà tí ó ti wà ní títì pa fún oṣù mẹ́ta, òórùn eku ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Yóò rí ìgbẹ́ eku káàkiri orí àpò irúgbìn, yóò rí bébà àti òwú tí wọ́n já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ fi ṣe ìtẹ́ ní kọ̀rọ̀, inú yóò bí i, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì lọ sí ibi tí ìgbálẹ̀ wà. Ibẹ̀ gan-an ni a ti fẹ́ dá a dúró. Torí ìgbálẹ̀ yẹn ni a ṣe kọ ìwé yìí.

Àrùn tí à ń wí ni hantavirus. Ìdílé fáírọ́ọ̀sì kan ni, oríṣiríṣi ló wà nínú rẹ̀, oríṣi kọ̀ọ̀kan sì ní irú eku tó fi ṣe ilé. Eku tó gbé e sára kì í ṣàìsàn. Ó ń jẹ, ó ń mu, ó ń bímọ, síbẹ̀ fáírọ́ọ̀sì náà wà nínú ìtọ̀ rẹ̀, nínú ìgbẹ́ rẹ̀ àti nínú itọ́ ẹnu rẹ̀. Kò sí bí ẹ ṣe lè fi ojú mọ eyí tó ní in yàtọ̀ sí eyí tí kò ní.

Nígbà tí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ wọ̀nyí bá gbẹ, wọ́n á di lúbúlúbú, wọ́n á sì dàpọ̀ mọ́ eruku. Ẹni tó bá gbá ilẹ̀ náà á ru eruku sókè, á sì fà á símú. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ jù lọ fi ń kó o nìyẹn. Gbogbo wa la mọ̀ pé eku a máa jẹ, a sì máa fẹ́, ṣùgbọ́n ní ti àrùn yìí, eyín eku kọ́ ni olórí ewu. Eku lè fi ìjẹ ran ènìyàn lóòótọ́, kò wọ́pọ̀ ni. Ẹni tó fọwọ́ kan ibi tí eku tọ̀ sí, tó wá fi ọwọ́ náà nu ojú tàbí imú, tún lè kó o. Bákan náà ni ẹni tí ẹ̀gbin eku bá kan ojú egbò rẹ̀. Ẹ má sì kà á sí ibà Lassa o. Eku ló ń gbé méjèèjì kiri, ṣùgbọ́n ìdílé wọn yàtọ̀.

Odò Hantan ní Kòríà ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Nígbà ogun Kòríà, láàárín 1950 sí 1953, àìsàn kan tó ń fa ibà, tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dà, tó sì ń mú kíndìnrín daṣẹ́ sílẹ̀, kọlu ọmọ ogun tó lé ní 3,000. Ó di 1976 kí onímọ̀ ọmọ Kòríà kan, Ho Wang Lee, tó rí ohun tó ń fà á lára eku oko kan tó ní ilà dúdú lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni 1993 dé. Níbi tí ìpínlẹ̀ mẹ́rin ti pàdé ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le koko bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì, omi kún inú ẹ̀dọ̀fóró wọn. Òjò ti rọ̀ dáadáa ṣáájú, èso igbó so jìgbìnnì, eku rí jẹ, eku sì bí. Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń dáko: ọdún tí oúnjẹ bá pọ̀ nínú igbó ni kí ẹ túbọ̀ máa ṣọ́ abà yín. Ní Áfíríkà náà, ní 2006, àwọn onímọ̀ kéde oríṣi kan tí wọ́n rí lára eku igbó ní Guinea.

Agbára àwọn oríṣi hantavirus wọ̀nyí kò dọ́gba. Oríṣi tó wọ́pọ̀ ní àríwá Yúróòpù kì í pa tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn. Èyí tó ń bá ẹ̀dọ̀fóró jà ní Amẹ́ríkà máa ń pa nǹkan bí mẹ́rin nínú mẹ́wàá.

Bí ẹ ó ṣe tún ibi tí eku ti ṣe ẹ̀gbin ṣe

Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹ sì jáde. Ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí afẹ́fẹ́ fẹ́ já a. Ẹ má dúró sínú rẹ̀ máa to ẹrù, ẹ má sì tan fáànù.

Nígbà tí ẹ bá padà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ẹ po bílíìṣì, ìyẹn omi tí a fi ń fọ aṣọ funfun, mọ́ omi: ife bílíìṣì kan, ife omi mẹ́sàn-án. Ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò ó ni kí ẹ pò ó, torí èyí tó bá sùn mọ́jú kì í lágbára bíi tàná. Ẹ má da oògùn ìfọlé mìíràn mọ́ ọn. Èéfín tó lè ti ibẹ̀ jáde lè ṣe ènìyàn léṣe kí hantavirus tó ráyè.

Ẹ rọra wọ́n ọn sórí ìgbẹ́, ìtọ̀ àti ìtẹ́ eku títí gbogbo rẹ̀ yóò fi rin gbindin. A ní kí ẹ rọra, nítorí omi tí ẹ bá fi ipá tú lu ìgbẹ́ gbígbẹ á gbé eruku dìde, ẹ ó sì ti ṣe ohun tí ìgbálẹ̀ ìbá ṣe. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bébà tàbí àkísà nù ún, ẹ kó o sínú ọ̀rá, ẹ so ó, ẹ tún fi ọ̀rá mìíràn bò ó, kí ẹ wá jù ú sínú garawa ìdalẹ̀nù tó ní ìdérí. Ẹ wá fi omi bílíìṣì yẹn nu gbogbo ilẹ̀ àti orí pẹpẹ. Kí ẹ tó bọ́ ìbọ̀wọ́, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá bọ́ ọ tán, ẹ fọ ọwọ́.

Ẹ̀rọ tí ń fa eruku kò sàn ju ìgbálẹ̀ lọ, torí ohun tó fà níwájú ló ń tú jáde lẹ́yìn. Aṣọ àti ohun ìtẹ́lé ibùsùn tí eku ti rìn lórí rẹ̀, omi gbígbóná àti ọṣẹ ló tọ́ sí wọn. Ohun tí kò ṣeé fọ̀, bí ìwé, ẹ sá a sí oòrùn fún wákàtí mélòó kan. Oòrùn ń pa fáírọ́ọ̀sì yìí. Òjìji àti òtútù ló ń pa á mọ́.

Bí ó bá jẹ́ pé ìgbẹ́ eku ti di òkìtì, aṣọ tí a so mọ́ imú kò lè gbà yín. Ẹ wá ìbòmú N95, irú èyí tó ń sẹ́ eruku lúbúlúbú, tàbí èyí tó lágbára jù ú lọ.

Katakata àti ọkọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀ náà ń gba àlejò. Ẹ wo abẹ́ ìjókòó àti ibi ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó tan án.

Àwọn àgbà kan á ní, "Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń gbálẹ̀ abà, kò sí ohun tó ṣe mí." A gbà. Àrùn yìí kò wọ́pọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo eku ló ní in. Sùúrù díẹ̀ péré ni à ń tọrọ lọ́wọ́ yín.

Eku fúnra rẹ̀

Ẹ lo tàkúté tó ń pa eku lójú ẹsẹ̀. Gọ́ọ̀mù àti àgò tó ń mú un láàyè kò dára fún iṣẹ́ yìí, torí eku tí ẹ̀rù bá bà á tọ̀, ìtọ̀ náà la sì ń sá fún. Òkú eku, bomi bílíìṣì lé e lórí bí ẹ ti ṣe sí ìgbẹ́ rẹ̀, kí ẹ tó fi ọwọ́ oníbọ̀wọ́ gbé e sínú ọ̀rá méjì.

Bí ológìnní bá jáde nílé, ilé á di ilé eku, wọ́n ní. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ológìnní nìkan kò lè lé wọn tán. Hantavirus kì í mú ológìnní tàbí ajá ṣàìsàn, ṣùgbọ́n wọ́n lè gbé òkú eku wá sáàárín ilé fún yín.

Ihò ni kí ẹ dojú kọ. Èkúté kékeré lè gba inú ihò tí bírò lè wọ̀. Ẹ fi kànìnkànìn onírin dí i, kí ẹ wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, torí kànìnkànìn nìkan, wọ́n á fà á yọ. Ẹ yẹ àárín ògiri wò pẹ̀lú. Ní 2012, ní ọgbà Yosemite ní California, ènìyàn mẹ́wàá kó àrùn yìí, mẹ́ta kú. Mẹ́sàn-án nínú wọn ti sùn nínú àgọ́ tí ògiri rẹ̀ jẹ́ ìpele méjì, eku sì ti kọ́lé sáàárín.

Ọkà àti oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, inú agolo onírin tó ní ìdérí ni kí wọ́n wà. Ẹ má jẹ́ kí oúnjẹ ẹran sùn síta. Igi ìdáná, ẹ gbé e jìnnà sí ilé tó mítà 30, kí ó sì ga sílẹ̀ díẹ̀.

Bí ara bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà

Láti ọ̀sẹ̀ kan sí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ́yìn tí ènìyàn bá kó o ni àìsàn máa ń yọjú, ìyẹn ló ń mú kí àwọn ènìyàn gbàgbé abà. Ibà, orí fífọ́ àti àárẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wá. Itan, ìbàdí, ẹ̀yìn àti èjìká á máa ro ni. Inú lè máa rú, ènìyàn sì lè máa bì. Ó jọ ibà lásán, ṣùgbọ́n ikun imú kì í sábà bá a wá. Nínú oríṣi ti ẹ̀dọ̀fóró, bí ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́wàá bá kọjá, ikọ́ á dé, èémí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ọ̀rọ̀ wákàtí ló dà nígbà náà. Nínú oríṣi ti kíndìnrín, ojú lè pọ́n, ìríran lè ṣú, ìtọ̀ lè dín kù.

Kò sí oògùn kan pàtó tó ń pa oríṣi ti ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tí dókítà lè ṣe ni kí ó fi ọ́síjìn àti ẹ̀rọ gbé aláìsàn ró títí ara yóò fi ṣẹ́gun, tàbí kí ó fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ bí kíndìnrín bá daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá tètè dé ló ń jàǹfààní rẹ̀.

Àrùn yìí kì í ti ara ènìyàn ran ẹlòmíràn, àfi oríṣi kan tí wọ́n ń pè ní Andes, ní Argentina àti Chile. Ní Epuyén, ní Argentina, láàárín ìparí 2018 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2019, ó mú ènìyàn 34, ó pa 11. Yíya àwọn tó ti súnmọ́ aláìsàn sọ́tọ̀ ló dá a dúró.

Ìbéèrè nípa eku lè má wá sọ́kàn dókítà. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún un. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá tún abà ṣe, ẹ kọ ọjọ́ náà sára kàlẹ́ńdà, ẹ ka ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ síwájú, kí ẹ sì fa ilà sí abẹ́ ibi tó bá parí sí.