Tọ́ọ̀ṣì tí a ń fi fóònù ṣètò: ìwé ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀ àti ará ilé

Tọ́ọ̀ṣì tí ìwé yìí dá lé lórí ní ẹ̀rọ Bluetooth nínú, òun ló sì fi ń gba àṣẹ láti orí fóònù. Petzl ti ilẹ̀ Faransé ṣe irú rẹ̀ kan tí à ń dè mọ́ orí, NAO+ ni wọ́n pè é. Ledlenser ti ilẹ̀ Jámánì náà ní tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ èyí tí ẹ ó bá pàdé lọ́jà, ilẹ̀ Ṣáínà ló ti wá, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní orúkọ lára.

Àwọn kan ń rà á kí wọ́n lè máa jókòó sórí àga fi fóònù tan iná. Ìyẹn kò tó ohun tí èèyàn ń ná owó sí, torí bọ́tìnì ara tọ́ọ̀ṣì yá ju fóònù lọ. Iṣẹ́ tí fóònù ń ṣe gan-an ni pé ẹ lè fi pinnu ṣáájú bí iná yóò ṣe mọ́lẹ̀ tó bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, iye ìṣẹ́jú tí yóò fi wà bẹ́ẹ̀, àti ìgbà tí yóò rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ ó ṣe ná bátìrì ni ẹ ń ṣètò.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á pa Bluetooth fóònù rẹ̀, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnì tọ́ọ̀ṣì. Bí kò bá tàn, tàbí tó tàn ṣùgbọ́n tí kò lè yí láti iná kékeré sí ńlá láìsí fóònù, ẹ dá a padà fún un. Lọ́jọ́ tí fóònù bá kú lóko ni ẹ máa ń nílò iná jù. Ilé iṣẹ́ tó ṣe áàpù, ìyẹn ètò inú fóònù tí a fi ń darí tọ́ọ̀ṣì náà, sì lè pa á tì nígbàkigbà.

Ẹ ṣí ìdí rẹ̀ kí ẹ wo bátìrì. Èyí tó wọ́pọ̀ ni 18650: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 18, gígùn rẹ̀ 65. Èyí tó dára nínú wọn máa ń gba láàárín 2,000 sí 3,500 mAh, òṣùwọ̀n iye iná tí bátìrì lè gbà nìyẹn. Bí ẹ bá rí 9,900 mAh lára rẹ̀, irọ́ ni. Kò sí 18650 tó gba tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e lé ọwọ́, tàbí sórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn èròjà búrẹ́dì: ojúlówó máa ń wúwo tó gíráàmù 45. Èyí tí kò ju 30 lọ, bátìrì kékeré ni wọ́n fi pamọ́ sínú ike rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ èyí tí ẹ lè yọ, kì í ṣe èyí tí wọ́n lẹ̀ pa, nítorí bátìrì yóò kú kí iná LED tó kú.

Lórí áàpù, Play Store ni kí ẹ ti gbà á. Ẹ má gba èyí tí ẹnikẹ́ni bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Tọ́ọ̀ṣì kò níṣẹ́ kankan tí yóò fi orúkọ àwọn ará yín tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ yín ṣe. Áàpù tó bá ń béèrè fún wọn, ẹ pa á rẹ́.

Sísọ ọ́ pọ̀ mọ́ fóònù

Ẹ jẹ́ kí bátìrì gba iná kún. Ẹ tan Bluetooth fóònù, ẹ ṣí áàpù, ẹ tẹ ibi tí wọ́n ti ń fi ohun èlò tuntun kún un, kí ẹ sì di bọ́tìnì tọ́ọ̀ṣì mú títí iná àmì rẹ̀ yóò fi máa ṣẹ́jú. Ẹ yan orúkọ tó bá jáde.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé wọ́n máa ń lọ sínú Settings fóònù láti so ó pọ̀ níbẹ̀. Bluetooth inú tọ́ọ̀ṣì yìí jẹ́ irú èyí tí kì í jẹ bátìrì púpọ̀, inú áàpù rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń so ó. Bí ẹ bá ti so ó níta, áàpù lè má rí i mọ́. Ẹ padà sínú Settings, ẹ tẹ Forget lórí orúkọ rẹ̀, ẹ pa fóònù, ẹ tàn án, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Bí áàpù bá ń wá a tí kò rí nǹkan kan, ẹ wo Location. Láti Android 6 títí dé 11, áàpù kò lè wá irú Bluetooth yìí kiri àfi bí ẹ bá gbà fún un láti lo Location, tí Location náà sì wà ní títàn. Ìlànà Android ni, tọ́ọ̀ṣì kò wá ilé yín. Láti Android 12 sókè, Nearby devices ni ó yẹ kó béèrè, ẹ gbà fún un. Ohun mìíràn tó máa ń fa á ni pé fóònù kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀ṣì wọ̀nyí máa ń dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ti wà lórí fóònù ọmọ yín, tiyín kò ní rí i.

Ẹ pa nọ́ńbà ìwọlé tó bá a wá dà lójú ẹsẹ̀. 000000 àti 123456 ni wọ́n sábà máa ń fi sí i, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní áàpù kan náà lè dúró lẹ́yìn ọgbà kó pa iná mọ́ yín lójú.

Mítà 10 ni kí ẹ fọkàn sí pé yóò dé. Ní gbangba ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Páànù kì í jẹ́ kí ìgbì Bluetooth kọjá, omi sì ń fa á mu. Nítorí náà ewé tútù, ògiri amọ̀ tó rin àti ara èèyàn pàápàá ń dín in kù. Ẹni tó fi fóònù sínú ilé tó gbé tọ́ọ̀ṣì lọ sẹ́yìn ilé adìẹ onípáànù kò gbọ́dọ̀ retí pé yóò dáhùn.

Bí ẹ ó ṣe pín ìmọ́lẹ̀

Ẹ ṣírò kí ẹ tó ṣètò. Bátìrì 2,600 mAh tó jẹ́ 3.7 volt: ẹ fi 1,000 pín 2,600 kó di 2.6, ẹ sọ 2.6 di ìlọ́po 3.7, ẹ ó rí 9.6. Ìyẹn ni pé ó lè gbé iná 1 watt fún bíi wákàtí mẹ́sàn-án àti ààbọ̀. LED tó dára máa ń mú nǹkan bíi 100 lumen (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀) jáde nínú 1 watt. Nítorí náà 1,000 lumen yóò jẹ tó 10 watt, kò sì ní pé wákàtí kan tí bátìrì yóò fi tán. 200 lumen yóò lò tó wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀. 50 lumen yóò mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ojú èèyàn kì í ka ìmọ́lẹ̀ bí òṣùwọ̀n ṣe ń kà á. Bí ẹ bá gé 400 lumen sí 200, díẹ̀ báyìí ni ojú yóò mọ̀ pé ó dín, ṣùgbọ́n bátìrì yóò pẹ́ ní ìlọ́po méjì. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí ẹ bá fẹ́ kí iná kan náà ríran jìnnà ní ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ni yóò ná yín. Ìdí nìyí tí kò fi dára kí ẹ máa rìn pẹ̀lú iná tó mọ́lẹ̀ jù lọ. Àwọn tó ń ṣe é máa ń fi èyí tó mọ́lẹ̀ jù sí títẹ̀ àkọ́kọ́ torí kó lè wú oníbàárà lórí nínú ìsọ̀. Ẹ yí i padà báyìí:

Títẹ̀ àkọ́kọ́: 50 lumen, fún àgbàlá, ìdáná àti ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí lálẹ́.
Títẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì: 200 lumen, fún ọ̀nà oko, nítorí ejò àti kòtò.
Títẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹta: gbogbo agbára rẹ̀, kó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ sí 200 lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi wo ohun tó ń mi igbó, kí ẹ sì fi í sílẹ̀.
Dídi bọ́tìnì mú nígbà tó wà ní pípa: 5 lumen, fún inú àwọ̀n ẹ̀fọn àti ẹni tó ń tọ́ ọmọ lóru.

Nínú áàpù, ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ pé kó máa rántí iná tí ẹ lò kẹ́yìn, kí ẹ sì pa á. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó fi gbogbo agbára rẹ̀ lé olè lánàá yóò tàn án sójú ọmọ tó ń sùn lónìí.

Ìgbà títàn àti ilé adìẹ

Ọ̀pọ̀ áàpù lè ṣètò aago tí iná yóò tàn àti èyí tí yóò kú. Ẹ dán an wò kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e: ẹ ṣètò rẹ̀ sí ìṣẹ́jú márùn-ún sí i, kí ẹ pa fóònù pátápátá. Bí iná bá tàn, inú tọ́ọ̀ṣì ni ètò náà wà. Bí kò bá tàn, fóònù ló ń rán an létí, ètò bẹ́ẹ̀ kò sì wúlò fún ilé adìẹ. Ẹ rántí pé bí ẹ bá yọ bátìrì, aago inú tọ́ọ̀ṣì sábà máa ń padà sí òdo. Ẹ so ó mọ́ fóònù lẹ́ẹ̀kan kó lè mọ àkókò.

Adìẹ ẹlẹ́yin nílò tó wákàtí 16 ìmọ́lẹ̀ lójúmọ́, ọ̀sán wa níbí kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju 12 lọ. Bí ẹ bá fẹ́ kó mọ́lẹ̀ láti aago márùn-ún ìdájí títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, iná ni yóò fi bíi wákàtí mẹ́rin sí mẹ́rin àti ààbọ̀ dí i. Tọ́ọ̀ṣì tó ń jẹ 2 watt yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán bátìrì 2,600 mAh kan lójoojúmọ́. Ó lè ṣe é fún agbo kékeré nígbà tí iná yín bá bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ti ojoojúmọ́, gílóòbù 12 volt tó wà lórí sọ́láà ló yẹ ibẹ̀. Bí ẹ bá lò ó, ẹ má darí rẹ̀ sílẹ̀, torí àwọn adìẹ yóò kó jọ sójú kan. Ẹ kọjú rẹ̀ sí òrùlé kí ìmọ́lẹ̀ tàn kálẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìmọ́lẹ̀ kún tọmọge adìẹ kí wọ́n tó pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 18. Bí wọ́n bá sì ti ń yé, ẹ má dín ìmọ́lẹ̀ kù láàárín, nítorí ẹyin yóò wálẹ̀, ìyẹ́ á sì máa re lára wọn.

Fún mímú adìẹ lóru, tọ́ọ̀ṣì tó ní iná búlúù dára. Adìẹ kì í ríran dáadáa nínú rẹ̀, wọn kì í sì sá.

Bátìrì

Irú bátìrì yìí máa ń kún ní 4.2 volt. Bó bá lọ sílẹ̀ ju 2.5 lọ, ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ lè fi sọ́láà tó ní ojú USB tàbí páwà bánkì ṣáájì rẹ̀. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ṣiṣẹ́ geere kí ẹ tó ki ṣájà bọ̀ ọ́. Lórí 1 ampere, yóò gbà tó wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ má ṣáájì rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ má sì fi sílẹ̀ lábẹ́ páànù lọ́sàn-án gangan tàbí nínú mọ́tò tó wà lóòrùn.

Gbogbo ara irin bátìrì náà ni ojú òdì rẹ̀. Ọ̀rá tó bò ó nìkan ló ń dáàbò bò ó, nítorí náà bí ọ̀rá yẹn bá ya, ẹ má lò ó mọ́ títí ẹ ó fi pààrọ̀ ọ̀rá rẹ̀. Ẹ má jù ú sápò pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tàbí ẹyọ owó.

Bluetooth kì í sùn tán. Tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ṣe dáadáa kò ní jẹ ju ìdá kékeré mílíámpù kan lọ nígbà tó wà ní pípa. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣe ṣákálá lè máa jẹ mílíámpù 30: ìyẹn 720 mAh lójúmọ́, bátìrì yóò sì kú láàárín ọjọ́ mẹ́rin láìsí pé ẹnikẹ́ni tan iná. Bí ẹ kò bá ní lò ó, ẹ yí ìdérí ìdí rẹ̀ díẹ̀ kí iná já.

Bó bá ń yọnu

Bí iná bá ń rẹlẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ara rẹ̀ sì gbóná, kò bàjẹ́; ooru ló ń sá fún. Bó bá ń ṣẹ́jú nígbà tí ẹ bá gbọ̀n ọ́n, ẹ fi òwú àti sípíríìtì nu ojú irin ìdí rẹ̀ àti sípíríǹgì. Bí èéfín omi bá hàn nínú gíláàsì, òrùka rọ́bà ìdí rẹ̀ ti gbẹ tàbí ó ti já. Òróró sílíkónì ni kí ẹ fi pa á, torí Vaseline àti epo lè mú kí rọ́bà wú. Àmì IPX4 tó bá wà lára rẹ̀ túmọ̀ sí pé ó lè gba òjò. IPX7 ló lè bọ́ sódò tó jìn tó mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Bí áàpù bá ní àtúnṣe tuntun fún tọ́ọ̀ṣì náà, ẹ dúró títí bátìrì yóò fi ju ìdajì lọ, ẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ má sì fọwọ́ kàn án. Tó bá já lágbede méjì, àwọn kan kì í jí mọ́.

Bátìrì tó bá wú, tó ń rùn, tàbí tó gbóná lásán, ẹ gbé e jáde kúrò nínú ilé sórí ilẹ̀ tí kò ní koríko. Bó bá gbiná, ẹ sá fún èéfín rẹ̀, kí ẹ sì da omi púpọ̀ sí i láti ọ̀ọ́kán. Èyí tó ti kú jẹ́jẹ́, ẹ fi téèpù wáyà bo ojú rẹ̀ méjèèjì kí ẹ tó fún àwọn tó ń ra ògbólógbòó ẹ̀rọ. Ẹ má jù ú sí ààtàn tí wọ́n máa ń dáná sun.